Agbádá Ọlọ́kàn Méjì

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ tìmùtìmù yẹn kúrò níkùn yín."

Ohùn Gémáṣẹ́kù tutù bí omi inú àmù. Bó ṣe máa ń tutù nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ kí ọ kú oríire, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ fi ọ́ sùn.

"Tìmùtìmù wo?" Bàbá Ṣówándé ké láti inú yàrá ìwọnra. "Ikùn mi nìyí! Ikùn tí mo ti ń fi iyán tọ́ kí wọ́n tó bí ẹni tó kan ìwọ alára!"

"Ikùn kì í ní ojú rírán, Bàbá."

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, bébà tí wọ́n wọ̀ sọ́rùn sì ń dún wàràwàrà. Ọjọ́ Ajé ni. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ará Àgọ́-Òwú máa ń bọ́ aṣọ ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún Ilé-Ìgé, wọ́n á wọ bébà, wọ́n á tò. Ẹ̀rọ á tan iná aláwọ̀ ewé sí wọn lára láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á sì gé mẹ́ta mìíràn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó bá ara tòní mu rẹ́gí. Ara tòní ni o. Ara àná ti di ìtàn. Ara ọ̀la, òfin ò mọ̀ ọ́n rí.

Ìbídùn, ọmọ Bàbá Ṣówándé, ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Ó dúró ti tábìlì ìgé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fa aṣọ mọ́lẹ̀ tí kò fi lè mira, tí abẹ iná sì ń sáré lórí rẹ̀ bí alángbá lórí ògiri. Ẹ̀rọ náà máa ń to aṣọ odidi àdúgbò sórí ìgàn kan ṣoṣo: apá aṣọ Lájídé á wọ abẹ́ ìbàdí ìyá Lájídé, ọrùn ọmọ ọwọ́ á há sáàárín itan ṣọ́jà, títí kò fi ní sí àlàfo tí abẹ́rẹ́ lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Gémáṣẹ́kù. Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àwo dígí tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kọ ìwọ̀n ara bàbá rẹ̀ sí: èjìká ti dín, ọrùn ti dín, itan ti dín. Ẹ̀rọ dún díẹ̀, ó fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìbídùn tẹ bọ́tìnnì, ó pa á lẹ́nu mọ́.

Bàbá jáde wá, tìmùtìmù ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ bébà.

"Àwẹ̀ró!" Oríkì ọmọ rẹ̀ nìyẹn. "Kìlọ̀ fún ẹ̀rọ yín yìí o. Ẹnu ẹ̀ ti gùn jù."

Ọ̀gá Jìnádù, olùṣọ́ òwú, yọ láti ẹ̀yìn ìgàn aṣọ. Aṣọ rẹ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá gbé omi mì, o ó rí omi náà bó ṣe ń lọ.

"Bàbá, ẹ tún dé? Lọ́sẹ̀ tó lọ, agbọ̀n lẹ gbé sẹ́yìn. Lónìí, tìmùtìmù. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi aṣọ tó ju ara lọ ṣe?"

"Agbádá."

Obìnrin kan di ọmọ rẹ̀ létí.

"Agbádá," Jìnádù tún un pè, bí ẹni tó tọ́ oògùn kíkorò wò. "Bàbá, aṣọ èèyàn mẹ́rin ló wà nínú agbádá kan."

"Òótọ́ ni! Nígbà tí mo ń wọ̀ ọ́, àwa mẹ́rin náà la máa ń wà nínú mi!"

Ẹ̀rín tún bú. Jìnádù ò bá wọn rín in. "Ẹ ti gbàgbé ọdún tí òwú kọ̀ tí kò hù? Ẹ ti gbàgbé báwọn èèyàn ṣe ń jà fún kọ́tìnnì ojú fèrèsé?"

"Mi ò gbàgbé, ọmọ Jìnádù. Ọdún náà ni mo fi ewé sin ìyá ọmọ yìí." Ohùn Bàbá rọlẹ̀, ó tún gbéra. "Ewé! Bí ẹ̀kọ! Lọ́jọ́ tí mo bá kú, òwú búlúù tẹ́ ẹ rán mọ́ ọrùn aṣọ mi, èyí tó ń gbọ́ ìlù ọkàn, á funfun, ẹ ó sì ti dé kí ọmọ mi tó parí igbe. Ẹ ó bọ́ aṣọ, ẹ ó tú u, ẹ ó fi òwú ẹ̀ gé ṣòkòtò fún ẹlòmíì. Èmi, ewé. Bàbá tó bí mi lọ tòun ti agbádá rẹ̀. Kí n wá yọ sí i nínú ewé, kó bi mí pé, 'Ṣówándé, èló ni wọ́n ń tà ọ́?'"

Ó gbé èjìká òsì sókè, ó gbé ti ọ̀tún. Àṣà rẹ̀ nìyẹn nígbàkígbà tó bá sọ̀rọ̀ tó lé téńté: ó ń ká apá agbádá tí kò sí níbẹ̀ sórí èjìká. Àwọn èwe Àgọ́-Òwú rò pé eṣinṣin ló ń dà á láàmú.

Wọ́n gbé aṣọ tuntun fún un. Ó wọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ.

"Ẹ ò rí i?" ó ní, ó lu àyà. "Ó bá mi mu. Ara mi le koko."

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun Ìbídùn jù. Láyé àtijọ́, aṣọ ló ń kọ́kọ́ sọ fún èèyàn pé ó ti ń rù. Ṣòkòtò á já bọ́ lójú ọ̀nà, bùbá á ṣe gbọ̀rẹ̀gẹ̀jigẹ̀, ọ̀rẹ́ á ní, "Lágbájá, ṣé kò sí?" Ṣùgbọ́n látìgbà òjò tó kọjá, bí àìsàn inú lọ́hùn-ún ṣe ń gé Bàbá kù, bẹ́ẹ̀ náà ni Gémáṣẹ́kù ń gé aṣọ kù tẹ̀ lé e. Ara ń lọ, aṣọ ń bá a lọ. Dókítà ti sọ fún Ìbídùn pé kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe mọ́. Ìbídùn ò rí ẹnu sọ ọ́ fún Bàbá. Aṣọ tí ì bá bá a sọ ọ́, Ìbídùn gan-an ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń gé e.

*

Lọ́jọ́ náà nílé, Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa òwe fún afẹ́fẹ́.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwẹ̀ró, ṣé o mọ̀ pé mo pa òwe yìí fún ọmọ Lájídé lánàá, ó ní kí ni àkísà?"

"Bàbá, èmi náà ò rí i rí."

"Ha!" Bàbá gbá orí ara rẹ̀ mú. "Mo ti bí ọmọ tí ò mọ àkísà! Aṣọ ni, aṣọ tó ti bá èèyàn gbé títí tó fi gbọ́n. Ó mọ ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ máa ń tẹ̀ sí. Ó mọ òkè tó o ti ṣubú. O ò lè rà á, wọn ò lè gé e. O gbọ́dọ̀ dúró dè é ni."

Ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Ó tún fẹ́ ẹ, ó kọ̀. Ó wá ṣe bí ẹni pé ó kàn fẹ́ yí ìdí padà ni.

Ojú Ìbídùn kúrò lára rẹ̀ kíákíá. "Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ lè rìn dé Ilé-Ìgé lọ́sàn-án ọ̀la?"

"Lọ́sàn-án? Nínú oòrùn?"

"Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti sá fún ooru lọ sábẹ́ ilẹ̀. A ó gba ihò tí omi òjò ń gbà lọ. Ẹ̀rọ fẹ́ rí ara tó tóbi, àbí? A ó fi ara tó tóbi hàn án."

Bàbá wò ó. Ẹ̀rín ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, bí ọmọ tó rí ojú ààtàn tó fẹ́ ṣeré lórí rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "o ti ń bàjẹ́. Mo dúpẹ́ o."

*

Fèrè oòrùn dún. Àgọ́-Òwú dákẹ́ rọ́rọ́. Jìnádù pàápàá ti lọ nà sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tòun ti aṣọ rẹ̀ tó fún.

Lẹ́nu yàrá ìwọnra, Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn, Bàbá."

"Èmi? Èmi tí mo fọ́ ìjókòó ọkọ̀ ojú irin ní Ìdí-Ìrókò nígbà tí mo ń pe èrò níbẹ̀? Eegun ẹ̀yìn rẹ ni mo ń rò o."

"Ẹ gùn mí."

Ó gùn ún. Ìbídùn ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹ̀mí mú, ó kó gbogbo agbára ara rẹ̀ jọ fún bàbá tó mọ̀ ní kékeré, ọkùnrin tó ń gbé e jókòó sí èjìká kan tó ń gbé àpò gààrí sí èkejì. Ó nàró gìrì. Díẹ̀ ló kù kó fojú gbálẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ló múra dè. Háhá àgbàdo ló gbé.

"Ṣé mo wúwo?" Bàbá bi í létí.

"Ẹ wúwo," ni Ìbídùn wí. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ wúwo gan-an, Bàbá."

"Mo sọ fún ọ!"

Wọ́n wọlé. Iná aláwọ̀ ewé gòkè, ó sọ̀, ó tún gòkè.

"Arábìnrin Ìbídùn, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ ti sanra."

"Mo ti sanra."

"Mo rí orí méjì."

Kí Ìbídùn tó ronú, ohùn kan ti dún lẹ́yìn ọrùn rẹ̀: "Gèlè ni!"

Iná náà gòkè lọ wò ó. "Gèlè ń dáhùn?"

"Gèlè ìgbàlódé ni," Bàbá ní.

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin gèlè," Ìbídùn wí láàárín eyín.

Iná náà dúró sójú kan ní àyà Ìbídùn. Ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn. Ó padà. Ìbídùn mọ ohun tó ń ṣe: ó ń ka ọkàn. Ìlù ọkàn tirẹ̀ ń yára. Ti Bàbá ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sinmi láàárín ọ̀nà bí arúgbó tó ń gun òkè. Ó ti parí, Ìbídùn rò lọ́kàn. Ẹ̀rọ á ké sí Jìnádù báyìí.

"Ọkàn méjì," ni Gémáṣẹ́kù wí. Ohùn rẹ̀ wá dùn, ó dùn bí oyin. "Ẹ kú oríire! Ẹ kú ewu ọmọ! Oyún ni."

Ìbídùn tún Bàbá gbé sẹ́yìn. Bàbá ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń gbé e, ó ti fi eyín di èjìká ọmọ rẹ̀ mú kó má baà bú jáde.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo rí oyún náà," ẹ̀rọ ní.

"Nílé tiwa," Ìbídùn ní, "ẹ̀yìn la máa ń gbé ọmọ sí."

"Mo gbọ́. Ọmọ náà tóbi."

"Ó jọ bàbá mi."

"Kó jọ ọ́ títí. Òfin fi aṣọ oyún jíǹkí yín, èyí tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Òwú Àgọ́-Òwú kì í pọ̀ sí i, kì í dín. Nínú aṣọ mẹ́ta tí ẹ ní, ẹ ó dá méjì padà, kí n rí òwú tí mo máa fi ṣe é. Bí ìgbà bíbí bá dé, ẹ ó mú aṣọ oyún wá, ẹ ó sì gba tiyín. Bí ẹ kò bá mú un wá, mi ò ní lè gé aṣọ kankan fún yín mọ́ láyé. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Àwẹ̀ró, sọ̀ mí kalẹ̀," Bàbá sọ wẹ́lẹ́. Ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀.

"Gèlè kì í sọ̀rọ̀, Bàbá." Ìbídùn gbé ojú sókè sí iná. "Mo gbọ́."

"Ẹ kú ìmúra sílẹ̀ o," ni ẹ̀rọ wí.

Abẹ iná gbéra. Ìbídùn ti wò ó láti ọjọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe máa ń yí, tó máa ń wọ kọ̀rọ̀ bí ajá tó ń wá eegun. Lọ́jọ́ náà, ó sáré ní ọ̀nà tààrà, ó lọ, ó lọ, ó dé ìpẹ̀kun tábìlì, ó yí ẹ̀ẹ̀kan, ó padà. Ìbídùn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ lè gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

*

Ẹ̀rọ ìránṣọ ò gbọdọ̀ rí i, nítorí náà abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ ni Ìbídùn fi rán an nílé. Bàbá dùbúlẹ̀ síbi tó ti lè máa rí i, ó ń darí rẹ̀: "Jẹ́ kí àárín gùn. Apá ni kó fẹ̀, kó fẹ̀ dé ibi tí aládùúgbò á fi bínú." Òwú búlúù tí ẹ̀rọ fi sí i lọ́rùn ń mí, ó ń tàn, ó ń ṣú: ọkàn méjì ló ń gbọ́.

Nígbà tó parí, ó gbé Bàbá dìde, ó fi agbádá bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Aṣọ náà sọ̀ kalẹ̀ gbuuru. Bàbá gbé apá òsì, ó ká a sí èjìká. Ó yọ̀, ó já bọ́. Ó tún un ká. Ó tún já bọ́. Ó gbìyànjú apá ọ̀tún, ìyẹn ò tiẹ̀ dúró rárá.

Ó dúró. Ó wo inú agbádá náà láti ibi ọrùn, bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Àwẹ̀ró."

"Bàbá mi."

"Níbo ni mo lọ?"

Ìbídùn tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo wà nínú aṣọ báyìí rí, mo kún un. Inú rẹ̀ ni mo wà yìí, mi ò rí ara mi. Látìgbà wo?"

"Látìgbà òjò tó kọjá, Bàbá."

"Gbogbo Ọjọ́ Ajé?"

"Gbogbo Ọjọ́ Ajé."

Ìbídùn ti wólẹ̀, orí rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹkún ń jẹ ẹ́. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ: ẹ̀rín. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tó ń mi gbogbo agbádá náà bí ìgbà tí atẹ́gùn wọ àgọ́.

"Olè rèé o! Ẹ gbà mí! Wọ́n ń jí mi gbé ní díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó wúkọ́ títí ó fi jókòó. Ó wá fi ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí. "Dìde. Má sunkún. Ó dára tí o ò sọ. Mo ti jẹ ọ̀pọ̀ Ọjọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin sísanra. Ta ni inú ẹ̀ ò ní í dùn?"

Ó fa agbádá náà mọ́ra, ó ní, "Gbọ́. Mo ti wọ̀ ọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá lọ, bọ́ ọ, dá a padà fún wọn. Ewé náà ò burú. Màmá rẹ wà nínú ewé, mo lè bá a jókòó síbẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé…"

"Èmi ni mo sọ ọ́, èmi ni mo sì ń yí i padà. Èèyàn kì í tìtorí òkú rìn níhòòhò. O gbọ́?"

Ìbídùn ní òun gbọ́. Ó ti ń gbọ́ púpọ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyí.

*

Ọ̀sẹ̀ náà ò parí. Oòrùn owúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ẹnu ọ̀nà, Bàbá wà láyà Ìbídùn nínú agbádá, ojú rẹ̀ ti ń wo ibòmíì. Lójijì ó nà, ó gbé ohùn náà jáde, ohùn tó fi ń pe èrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí òkun ti gbé mì, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú:

"Ọkọ̀ fẹ́ gbéra o! Ẹni tí kì í bá wa lọ, kó tètè sọ̀ kalẹ̀!"

Ìbídùn ò sọ̀ kalẹ̀. Ó dì í mú ṣinṣin.

"Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi," Bàbá ní, jẹ́jẹ́ báyìí. "Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ kọ́ nìyí."

Ọkọ̀ gbéra.

Ìdajì òwú ọrùn agbádá funfun. Ìdajì kejì ń tàn búlúù, ó ń ṣú, ó ń tàn, nítorí àyà Ìbídùn ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Nínú àpótí, òwú ọrùn àwọn aṣọ Bàbá tó wà lábẹ́ òfin funfun pátápátá, àwọn akóṣọ sì ti dé kí igbe tó kúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ. Ìbídùn ti fi ẹní bo òkú náà dé ọrùn. Wọn kì í wo òkú. Aṣọ ni wọ́n ń wá. Wọ́n kó o, wọ́n kí i kú ará fẹ́ra kù, wọ́n gbé ewé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jáde. Ọmọ olóòkú ló ń wé òkú ní Àgọ́-Òwú, òun nìkan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

Ó ṣí ẹní náà. Ó wo ewé, ó wo agbádá. Aṣọ kan ṣoṣo tó kù fún un nílé ayé wà lára rẹ̀. Bó bá bọ́ agbádá náà lára Bàbá báyìí, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ á bá a pẹ̀lú aṣọ mẹ́ta, iṣẹ́ rẹ̀, àyè rẹ̀ nínú ìtò. Bàbá alára ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọrùn aṣọ. Ó gbé apá òsì sókè kó lè fà á yọ.

Èjìká náà tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n òkú dùbúlẹ̀, kò dúró. Nǹkan kì í já bọ́ lára ẹni tó dùbúlẹ̀. Ìbídùn ká apá òsì sórí èjìká Bàbá. Ó dúró síbẹ̀. Ó ká ti ọ̀tún. Ó dúró.

Ó wo bàbá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ mú ewé, ó wé e sórí gbogbo rẹ̀.

*

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ Bàbá," ni Ọ̀gá Jìnádù wí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di àwo dígí mú. "Ẹ sì tún kú ọ̀fọ̀ kejì. Ẹ̀rọ sọ fún mi pé ọkàn kan ti dákẹ́ nínú aṣọ oyún yín. Lọ́jọ́ kan náà."

"Lọ́jọ́ kan náà, Ọ̀gá."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin."

"Ta ló jọ?"

"Bàbá mi."

Jìnádù wò ó. Ó wo àga tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé omi mì, Ìbídùn sì rí omi náà bó ṣe ń lọ.

"Mo wà níbi ìsìnkú," ó ní. "Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ láyé mi. Mi ò rí èyí tí ewé rẹ̀ ò ká rí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Arábìnrin, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ sọ fún mi pé kí n lọ hú u, ẹ ó gba aṣọ mẹ́ta yín. Mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹjọ́."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín."

"Ẹ̀rọ ò ní gé aṣọ fún yín mọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ kì í gé aṣọ fún, kò lè ṣọ́ ẹ̀rọ. Oko òwú ló kù."

"Mo mọ̀."

Jìnádù tẹ nǹkan sórí àwo. Ó yí padà, ó rìn dé ojú ọ̀nà, ó dúró. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Aṣọ yẹn," ó ní. "Ṣé ó tó Bàbá?"

"Ó tó o," ni Ìbídùn wí. "Ó sì ṣẹ́kù."

*

Oòrùn oko òwú kì í fojú re wo aṣọ. Àwọ̀ kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn náà ìgbọ̀nwọ́ fẹ́lẹ́, ó ya. Ìbídùn fi abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ rán an. Ó tún ya ní orúnkún, níbi tó ti kúnlẹ̀ sínú ẹ̀gún. Ó lẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ rù lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀, aṣọ náà dúró bó ṣe wà, ó ń sọ fún un. Ara rẹ̀ padà, aṣọ náà fún un díẹ̀, ó gbà á.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó ń kọjá níwájú Ilé-Ìgé. Àwọn èèyàn tò nínú bébà. Obìnrin kan nínú wọn jáde kúrò lórí ìlà, ó na ìka kan, ó fi kan ibi tí Ìbídùn lẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá iná ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe irú eléyìí?"

"Àkísà."

"Ó dára o," obìnrin náà ní. "Ẹ̀rọ wo ló ń gé e?"

"Kò sí ẹ̀rọ tó ń gé e. Ogún ni. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi."

Láti inú ilé, ohùn tútù kan ń ké sí ẹni tó kàn. Ìbídùn gbé èjìká òsì sókè, ó gbé ti ọ̀tún, ó sì bá ọ̀nà oko rẹ̀ lọ.